Odò Ọya, Odò Tó Kẹ̀yìn sí Òkun

(Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ orí rédíò. Ìlù ìbẹ̀rẹ̀, kí ó rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún olùsọ̀rọ̀.)

Ọ̀rọ̀ odò la fẹ́ sọ lónìí.

Ìbéèrè kan rèé. Bí òjò bá rọ̀ sórí òkè kan tí kò ju nǹkan bí 240 kìlómítà lọ sí òkun, ọ̀nà wo ni ẹ rò pé omi náà máa gbà dé òkun? Ẹnikẹ́ni yóò ní ọ̀nà tó kúrú jù ni. Bẹ́ẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Gínì, omi kan wà tí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kẹ̀yìn sí òkun, ó kọrí sí àríwá ìlà-oòrùn, ó wọ́ títí ó fi dé ẹnu aṣálẹ̀ Sàhárà. Ibẹ̀ ló ti ṣẹ́rí padà, tó wá gba gúúsù ìlà-oòrùn bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Kí ó tó dé òkun tó ti kẹ̀yìn sí, ó ti rìn tó 4,180 kìlómítà. Nílẹ̀ Áfíríkà, Odò Náílì àti Odò Kóńgò nìkan ló gùn jù ú lọ. Odò Ọya ni, èyí tí ìwé òyìnbó ń pè ní Niger.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú ọ̀rọ̀ òní ni pé ìṣẹ́rípadà yẹn ló bí gbogbo ìtàn odò yìí. Òun ló jẹ́ kí ìlú ńlá dìde lẹ́nu aṣálẹ̀. Òun ló jẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé máa jiyàn fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lórí ibi tí odò náà ń lọ. Òun náà ló sì jẹ́ kí òjò tó rọ̀ ní Gínì lóṣù kẹsàn-án máa tan iná fún wa ní Nàìjíríà lóṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ ká ya àwòrán odò náà láìlo pẹ́ńsùlù. Ẹ na apá òsì yín síwájú, ẹ ká a kí ìgbọ̀nwọ́ wà lókè, kí ọwọ́ sì rọ̀ wálẹ̀ síwájú àyà yín lọ́wọ́ ọ̀tún. Èjìká yín ni àwọn òkè Gínì. Ìgbọ̀nwọ́ ni Timbuktu àti Bourem ní ilẹ̀ Málì. Ọrùn ọwọ́ ni Lọ́kọ́ja, níbi tí Odò Bẹ́núé ti pàdé rẹ̀. Ìka ọwọ́ tí ẹ yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ẹ̀ka odò tó tú ká nílẹ̀ Ìjọ kí wọ́n tó wọ òkun. Ẹ má tíì gbàgbé apá yìí, nítorí òun la máa tẹ̀ lé láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Èjìká la ti ń bẹ̀rẹ̀. Orísun odò náà wà ní apá ìlà-oòrùn àwọn òkè Fouta Djallon, nítòsí ààlà Sierra Leone, níbi tí wọ́n ń pè ní Tembakounda. Òjò kì í ṣeré lórí àwọn òkè yìí, odò púpọ̀ ló sì ti ibẹ̀ ṣẹ̀. Odò Sẹ̀nẹ̀gà àti Odò Gáḿbíà náà, Fouta Djallon ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n àwọn yẹn gba ìwọ̀-oòrùn lọ, wọ́n sì bọ́ sínú òkun Àtìláńtíìkì. Ọya ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ tì sí ọ̀nà àjò. Odò Niandan, Odò Milo àti Odò Tinkisso dà pọ̀ mọ́ ọn lójú ọ̀nà, nígbà tí yóò sì fi wọ ilẹ̀ Málì, ó ti di odò ńlá tó ń gbé ọkọ̀.

Àpáta àtayébáyé ni àpáta àwọn òkè náà, ó le koránkorán. Omi kì í rí iyẹ̀pẹ̀ púpọ̀ họ lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí omi Ọya fi mọ́ ju ti ọ̀pọ̀ odò ńlá lọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ èyí sílẹ̀, nítorí a máa nílò rẹ̀ nígbà tí a bá dé Nàìjíríà.

Ó kọjá Bamako, olú-ìlú Málì. Láàárín Bamako àti Koulikoro, ó ń já lórí àpáta, ọkọ̀ ńlá kò lè gba ibẹ̀. Lẹ́yìn Koulikoro, ara tù ú. Nígbà tó bá sì kọjá Ségou, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé omi kò mọ ibi tí yóò gbà mọ́. Ó tú ká di ẹgbẹ̀rún ojú, ó di adágún, ó di àbàtà, ó bo pápá. Délítà kan rèé ní àárín gbùngbùn ilẹ̀, níbi tó jìnnà pátápátá sí òkun. Ìrẹsì, ẹja àti màlúù ló ń ti ibẹ̀ jáde. Àwọn Bozo ló ń pẹja níbẹ̀ láti ìran dé ìran, àwọn àgbẹ̀ ń gbin ìrẹsì sínú omi, àwọn Fúlàní sì ń dúró kí omi fà.

Ẹ jẹ́ ká yà sí ìlú Diafarabé tó wà létí omi níbẹ̀. Nígbà òjò, àwọn darandaran máa ń kó màlúù wọn lọ jìnnà sí àárín ìju. Bí ìju bá ti gbẹ, tí omi odò sì ń fà, wọ́n á kó wọn padà. Lọ́jọ́ ìsọdá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù máa ń wọ odò, orí àti ìwo nìkan ni ẹ ó máa rí lójú omi, àwọn ọ̀dọ́ darandaran á máa lúwẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn ìyàwó, ìyá àti àbúrò tí wọn kò fojú kàn wọ́n fún oṣù púpọ̀ á sì tò sí èbúté òdìkejì nínú aṣọ tó dára jù. Kò sí kàlẹ́ńdà tó lè dá ọjọ́ yìí. Àwọn àgbà Fúlàní àti àwọn olóko ní láti jókòó pọ̀ kí wọ́n wo bí omi ṣe fà tó, bóyá ìrẹsì ti kúrò lóko, bóyá koríko ti hù. Bí màlúù bá tètè dé, oko olóko ni wọ́n á jẹ. Bí wọ́n bá pẹ́, ebi á pa wọ́n. Omi ló ń dájọ́, àwọn ènìyàn kàn ń jọ kà á ni. UNESCO ti ka ọdún náà mọ́ àwọn àṣà tó jẹ́ ogún gbogbo ayé.

Gbogbo omi tó tú ká sí pápá yìí kọ́ ló ń padà sínú odò. Oòrùn ń fà á, iyanrìn ń mu ún. Ọdún míì wà tí ohun tó ń ṣòfò níbẹ̀ máa ń súnmọ́ ìdajì. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ gbà pé nígbà láéláé, ibẹ̀ ni odò òkè náà ń parí sí, nínú adágún ńlá kan ní àríwá Timbuktu. Odò mìíràn wà ní ìsàlẹ̀ tó ń ṣàn lọ sínú òkun ní tirẹ̀. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, àwọn méjèèjì já pọ̀, wọ́n di ọ̀kan. Ìyẹn ni pé ìgbọ̀nwọ́ tí a ń wò yìí, oríkèé ni lóòótọ́, ibi tí odò méjì ti so pọ̀ ni.

Ní oríkèé yẹn ni ọkọ̀ ojú omi ti pàdé ràkúnmí. Láti àríwá ni àwọn oníṣòwò ti ń fi ràkúnmí kó iyọ̀ la aṣálẹ̀ kọjá. Láti gúúsù ni ọkọ̀ ti ń kó ìrẹsì, ẹja gbígbẹ, obì àti wúrà wá. Bí odò náà kò bá gòkè dé ẹnu aṣálẹ̀, Timbuktu kò ní di ibi tí ayé mọ̀. Ìjọba Málì àtijọ́ fi odò yìí lágbára, ìjọba Songhai sì jogún rẹ̀. Sonni Ali, tó gba Timbuktu ní 1468, ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ló gbójú lé bí ó ti gbójú lé ẹṣin. Gao tó wà létí odò ni olú-ìlú wọn. Létí odò yìí kan náà, ní Tondibi, ni àwọn ọmọ ogun Mòrókò ti fi ìbọn fọ́ agbára Songhai ní 1591.

Níbo wá ni odò náà ń lọ lẹ́yìn Gao? Àwọn tó ń gbé létí rẹ̀ kò bi ara wọn bẹ́ẹ̀, nítorí kálukú mọ apá tirẹ̀. Ará Ségou mọ Ségou, ará Bussa mọ Bussa, ará Aboh mọ ọ̀nà òkun. Ẹni tó rí odò náà láti òkè délẹ̀ ni kò sí. Àwọn òǹkọ̀wé tó wà lókèèrè ni ọ̀rọ̀ náà dà láàmú. Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ọmọ Mòrókò, rí odò yìí ní 1352, ó sì pè é ní Náílì. Leo Africanus, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1550, kọ ọ́ pé ìwọ̀-oòrùn ló ń ṣàn lọ, ọ̀pọ̀ àwòrán ilẹ̀ ní Yúróòpù sì tẹ̀ lé e. Àwọn kan ní inú adágún kan láàárín aṣálẹ̀ ló ń gbẹ sí. Àwọn mìíràn ní òun àti Kóńgò, ọ̀kan náà ni wọ́n. Kò sí èyí tó jẹ́ ìsọkúsọ pátápátá, torí odò tó bẹ̀rẹ̀ létí òkun tó tún ń sá fún òkun, ta ni yóò rò pé òkun ló ń lọ?

Ní 1788, àwọn òyìnbó kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti wádìí àárín ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn ló rán Mungo Park, ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣègùn láti Scotland. Lóṣù keje 1796, ó dé Ségou, ó fojú ara rẹ̀ rí i pé ìlà-oòrùn ni omi náà ń ṣàn lọ. Ọba Mansong tó wà ní òdìkejì odò kò jẹ́ kó sọdá wá bá òun. Park jókòó sábẹ́ igi láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kò rí oúnjẹ jẹ, òjò ṣú, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbà á sílé. Obìnrin kan tó ń ti oko bọ̀ ló ṣàánú rẹ̀. Ó bá a ru gàárì àti ìjánu ẹṣin rẹ̀, ó mú un wọ ilé, ó tẹ́ ẹní fún un, ó sì yan ẹja fún un jẹ. Ó ní kí àwọn obìnrin ilé máa bá òwú tí wọ́n ń ran lọ, àwọn yẹn sì ń fi àlejò náà kọrin títí ilẹ̀ fi ṣú gan-an. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bọ́tìnnì idẹ méjì nínú mẹ́rin tó kù lára ẹ̀wù Park ni ó já fún obìnrin náà, nítorí kò ní ohun mìíràn. Ọba sì fi 5,000 owó ẹyọ ránṣẹ́ sí i pé kó máa lọ.

Ó padà wá ní 1805 pẹ̀lú nǹkan bí ogójì òyìnbó. Ibà pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kí wọ́n tó dé odò. Park fi ọkọ̀ méjì kan ọ̀kan, ó sì gba orí omi lọ pẹ̀lú ìwọ̀nba tó kù. Wọ́n kọjá Timbuktu, wọ́n yí ìgbọ̀nwọ́ náà ká, wọ́n wọ ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ní Bussa ní 1806, láàárín àpáta àti ìjà, wọ́n kú sínú omi. Ibi tó kù kó dé òkun kò tó ìdá mẹ́rin gbogbo odò náà.

(Orin díẹ̀.)

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, a ti yí ìgbọ̀nwọ́ ká, a ti wà lórí apá tó ń bọ̀ wálẹ̀. Odò náà ti gba Niamey kọjá ní orílẹ̀-èdè Niger, ó ti rìn létí ilẹ̀ Benin, ó ti wọ Nàìjíríà. Níbí ni ó ti di tiwa. Bí ẹ bá dúró lórí afárá Odò Asà ní Ìlọrin, kì í ṣe ọ̀nà Èkó ni omi abẹ́ yín ń lọ. Àríwá ló kọrí sí, Ọya ló máa bá. Orúkọ aya Ṣàngó la sì fi ń pe odò ńlá náà. Ní Bùràsíìlì àti Kúbà, àwọn tí babańlá wọn kó òrìṣà yìí lọ sí oko ẹrú ń bọ Ọya títí dòní.

Nílẹ̀ Tápà, ní abúlé kan tó ń jẹ́ Tada lẹ́bàá odò yìí, ère ọkùnrin kan wà níbẹ̀ nígbà kan rí tó jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ká sílẹ̀. Bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà ní àdàlù ni wọ́n fi rọ ọ́. Àwọn onímọ̀ gbà pé iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ ni, ọjọ́ rẹ̀ sì ti lé ní 600 ọdún. Ifẹ̀ kò ní ibi tí wọ́n ti ń wa bàbà, òwò ọ̀nà jíjìn ló ń gbé e wá. Ìtàn àwọn Tápà ní Tsoede tó dá ìjọba wọn sílẹ̀ ló fi ọkọ̀ idẹ gbé ère náà àti àwọn mìíràn gòkè odò láti Ìdàh. Nígbà náà, àwọn ará Tada a máa gbé ère yìí lọ sétí omi lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n á fi yanrìn odò fọ̀ ọ́, kí obìnrin lè bímọ, kí ẹja sì lè pọ̀. Ìfọ̀ yẹn ti pa ojú ilà àti ọnà ara rẹ̀ rẹ́, àwọ̀ ara rẹ̀ sì ń dán. Ẹ rò ó wò: iṣẹ́ ọwọ́ Ifẹ̀, ìtàn Ìdàh, nílé Tápà, yanrìn Ọya ló sì fọ̀ ọ́. Kí òyìnbó kankan tó béèrè ibi tí odò náà ń lọ ni àwọn ènìyàn ti ń fi í ṣọ̀nà.

Láti ọ̀dọ̀ wa náà ni ìdáhùn ti wá. Ní 1825, òyìnbó arìnrìn-àjò kan, Hugh Clapperton, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ó gba ilẹ̀ Yorùbá dé Ọ̀yọ́ Ilé, ó ré Ọya kọjá, ó sì kú sí Sókótó ní 1827. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, Richard Lander, ọmọ ẹni tó ń ta ọtí ní Cornwall, ló kó ìwé ọ̀gá rẹ̀ padà sílé. Ní 1830, Lander àti àbúrò rẹ̀ John tún gba Àgbádárìgì wọlé. Wọ́n gba Ọ̀yọ́ Ilé, wọ́n dé Bussa níbi tí Park kú sí, wọ́n wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, wọ́n sì jẹ́ kí omi máa gbé wọn lọ. Wọ́n rí ibi tí Bẹ́núé ti wọlé. Ní ìsàlẹ̀, àwọn kan kó wọn, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n sì fà wọ́n lé Obi, ọba Aboh, lọ́wọ́. King Boy, oníṣòwò láti Brass, ló ṣe onídùúró wọn, tó sì fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé wọn dé ẹnu òkun lóṣù kọkànlá 1830, lórí àdéhùn pé ọkọ̀ òyìnbó tó wà níbẹ̀ yóò san owó ìràpadà wọn. Ọ̀gákọ̀ náà kọ̀, kò san. Bí àríyànjiyàn tó ti wà láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ṣe parí nìyẹn, lórí gbèsè. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì ní Lọ́ńdọ̀nù fún Richard Lander ní àmì ẹ̀yẹ wúrà àkọ́kọ́ wọn.

Bí wọ́n ti mọ ẹnu odò, ọkọ̀ tó ń lo èéfín bẹ̀rẹ̀ sí gòkè. Ibà ló kọ́kọ́ dá wọn dúró. Àwọn òyìnbó 48 ló bá ọkọ̀ Macgregor Laird lọ ní 1832, mẹ́sàn-án péré ló padà láàyè. Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta. Ibà tún pa lé ní ogójì òyìnbó nínú wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin Yorùbá kan wà nínú ọkọ̀ 1841 yẹn, Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n ti kó lẹ́rú ní 1821. Nígbà tí Baikie, tó darí ìrìn àjò mìíràn, lo oògùn ibà quinine fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní 1854, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kú, Crowther sì tún wà níbẹ̀. Ní 1857, ó wà nínú ọkọ̀ Dayspring tó fọ́ mọ́ àpáta nítòsí Jẹ́bà. Ọ̀kan nínú àwọn tó bá a wà níbẹ̀, John Glover, fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ Yorùbá já dé Èkó láti wá ìrànlọ́wọ́. Òun náà ló padà di gómìnà Èkó, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ Glover Hall. Crowther ní tirẹ̀ di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, odò yìí sì ni pápá iṣẹ́ rẹ̀ títí ó fi dàgbà.

Lẹ́yìn ẹ̀sìn ni òwò, lẹ́yìn òwò ni ìjọba. Goldie, oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kan, da àwọn ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó wà lórí odò pọ̀ ní 1879, nígbà tó sì di 1886, ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì láti máa ṣàkóso. Ó ti ẹnu ọ̀nà mọ́ àwọn ará Brass, àwọn tó jẹ́ pé lórí omi ni wọ́n ti ń jẹun. Ní oṣù kìíní 1895, ọba wọn, Koko ti Nembe, kó ogun lọ já ibùdó ilé iṣẹ́ náà ní Akassa. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1900, ní Lọ́kọ́ja, níbi tí omi méjì ti pàdé, wọ́n sọ àsíá ilé iṣẹ́ kalẹ̀, wọ́n fa ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè.

Rélùwéè láti Èkó dé Jẹ́bà ní 1909, odò dá a dúró. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé rélùwéè sọdá títí afárá fi parí ní 1916. Lẹ́yìn òmìnira, a lo odò náà lọ́nà mìíràn. Láti 1964 sí 1968 ni wọ́n kọ́ dáàmù Kàǹjì. Adágún rẹ̀ bo ìlú Bussa àtijọ́ àti àwọn àpáta tó pa Park, ó sì lé ènìyàn tó ju 40,000 kúrò nílé baba wọn. New Bussa ni wọ́n kọ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà tó di ọdún 1985, dáàmù Jẹ́bà náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nǹkan bí 100 kìlómítà sí ìsàlẹ̀. Omi tó bá ti yí ẹ̀rọ ní Kàǹjì ló tún ń lọ yí ẹ̀rọ ní Jẹ́bà. Omi kan náà ni a ń lò lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ibí ni a ti nílò ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni Ọya máa ń kún ní Kàǹjì. Àkọ́kọ́ ni èyí tí òjò tiwa ń mú wá láàárín oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá. Iyẹ̀pẹ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀, ó funfun bí ẹfun tí wọ́n pò, omi funfun ni wọ́n ń pè é. Ìkejì ni òjò Gínì. Òjò yẹn rọ̀ lóṣù kẹsàn-án, ṣùgbọ́n ó ní láti rìn dé Málì, kó tú ká sí pápá, kó sinmi nínú adágún, kó yí ìgbọ̀nwọ́ ká, kó tó máa bọ̀. Bí oṣù kọkànlá ni ó ti ń yọjú lọ́dọ̀ wa, oṣù kejì ló sì máa ń ga jù. Iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ tó bá a wá láti orí àpáta líle Gínì ti rì sí pápá Málì, ó ti mọ́, èyí ni wọ́n ń pè ní omi dúdú. Ẹ wo àǹfààní rẹ̀: nínú ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí kò sí òjò kankan nílẹ̀ wa, tí àwọn odò kéékèèké ti gbẹ, ni omi tuntun ń wọ Kàǹjì. Odò tó bá gba ọ̀nà tààrà kò lè ṣe irú rẹ̀. Ìrìn àjò gígùn yẹn ló fi omi pamọ́ fún wa.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń gba ọ̀nà jíjìn bọ̀, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ń kàn án. Lọ́dún 1985, lẹ́yìn ọ̀dá tó ti jà fún ọdún púpọ̀, odò náà dáwọ́ ṣíṣàn dúró ní Niamey fún ọjọ́ díẹ̀, yanrìn hàn nínú odò. Ní 2012, òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Òjò pọ̀ lórí Ọya àti lórí Bẹ́núé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì tún ṣí omi dáàmù Lagdo ní Kamẹrúùnù. Omi méjèèjì pàdé ní Lọ́kọ́ja, ó wọ ilé, ó bo títì Àbújá, ó pa ènìyàn tó lé ní 300 káàkiri Nàìjíríà, ó sì lé ju mílíọ̀nù méjì kúrò nílé. Ní 2022, omi tún pa ju 600 lọ. Àwa ènìyàn náà sì ti kọ́lé sí ibi tí omi máa ń sùn sí.

Ní ti ìpín omi, Málì ti ní dáàmù Markala láti 1947, ìrẹsì ni wọ́n ń fi omi rẹ̀ gbìn. Orílẹ̀-èdè Niger ń kọ́ dáàmù tiwọn sí Kandadji. Gínì náà ń gbèrò láti kọ́ tiwọn sí òkè. Kò sí èyí tó ṣẹ̀ nínú wọn, nítorí iná àti oúnjẹ ni kálukú ń wá gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ṣe ní Kàǹjì. Àmọ́ Nàìjíríà ló gbẹ̀yìn lórí odò. Ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe lókè, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án, àwa pẹ̀lú, fi ní àjọ kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Niamey, tí wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn lórí lílo omi náà ní 2008. Àdéhùn yẹn sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe ohun ńlá sí odò náà gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn tó kù. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Diafarabé lórí màlúù, tí darandaran àti olóko ń jókòó pọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ẹsẹ̀ bọ omi, òun náà ni orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ń gbìyànjú láti ṣe lórí gbogbo odò. Ti Diafarabé ti dàgbà, tiwọn ṣì ń kọ́ ìrìn.

Iṣẹ́ àṣetiléwá rèé fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ wá àwòrán ilẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ẹ fi ìka tọ Ọya láti Gínì dé òkun, kí ẹ sì kọ orílẹ̀-èdè márùn-ún tó gbà kọjá tàbí tó rìn létí wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ oṣù tí òjò rọ̀ lórí òkè àti oṣù tí omi rẹ̀ dé Kàǹjì, kí ẹ ka iye oṣù tó wà láàárín wọn. Ẹ̀yin àgbà ńkọ́? Nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́, ẹ má fi mọ sí ti ìlú yín nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí omi yóò ṣe tó ní Kàǹjì nínú ọ̀gbẹlẹ̀, bí òjò ṣe rọ̀ ní Gínì lóṣù kẹsàn-án ni kó kọ́kọ́ béèrè.



(Ìlù ìparí.)